Kí Ni Ọmọ Yìí Fọ́?

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Riverdale Park, ní Maryland níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ni, Camp Springs ló ti wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ra iṣu, ó ra epo, ó wá ṣí fíríìjì mi, ó mú témpè kan jáde, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n pọ́n kó lè wú, ó fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni tó gbé òkú eku. "Àǹtí, ẹ má bínú o, ẹ̀wà yín yìí ti bu." Mo ní kò bu. Ó ní, "Àǹtí, ó ti hu irun funfun." Mo ní irun tirẹ̀ nìyẹn, ìwọ náà ní irun lórí, ta ló sọ fún ọ pé o ti bu? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn fíríìjì mú, ó sì rà á, torí ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù mi kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó sẹ́yìn mi níbẹ̀, tó máa ń wọ súẹ́tà méjì léra wọn nínú oòrùn, gbójú sókè, ó ní kí n sọ fún un pé kó má fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì wo ìyá, ó wò mí. Àwọ̀ ìyá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, irun rẹ̀ gùn dé ìdí. Èmi rèé, mo dúdú bí ìdí ìkòkò. "Àǹtí, òṣìṣẹ́ yín ni?" Mo ní ìyá mi ni. Ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà mi kejì nìyẹn. Mi ò bá a jiyàn, ẹni tó ti sanwó ti sanwó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Ọdún kan péré ni mo lò ní abúlé kan ní Indonéṣíà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti di ìyá mi, àwọn ọmọ tí mo bí pàápàá kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tán.

Ọmọ Ìbàdàn ni Dádì mi, oníṣòwò aṣọ. Ìyá tó bí mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n Dádì lóbìnrin ló gbà mí tọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yìí bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò, Dádì ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sóun ní Jàkátà, níbi tó ti ń ra aṣọ ọmọdé ránṣẹ́ sí Èkó. Mo dé ibẹ̀, mo bá a nínú yàrá kan tí páálí kún dé àjà. Láàárín àwọn páálí náà ni mo ti rí obìnrin kan tó lóyún. Lastri ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ta aṣọ fún Dádì kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ará Èkó ló sì ti kọ́ pijin àti Yorùbá, Yorùbá ọjà nìkan, bíi "gbowó ẹ, máa lọ" àti "mi ò jèrè níbẹ̀." Ó fẹ́ kí mi káàbọ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ, ló bá na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Oníbàárà mi, ẹ wọlé, ẹ wò ó, wíwò ò lówó." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Dádì fi ní òun fẹ́ ṣí lọ sí Ṣáínà níbi tí ọjà ti pọ̀. Ó dá yàrá náà padà fún onílé. Àṣà wọn sì ni pé ilé ìyá ẹni ni èèyàn ti ń bí àkọ́bí, Lastri gbọ́dọ̀ lọ sí abúlé rẹ̀, èmi náà sì bá a lọ bí ẹrù tí kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e sí. Dádì fọwọ́ pa mí lórí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì, mo dé." Bó ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọjà á wọlé lọ́jọ́ Ajé ló ṣe sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Wonojati ni wọ́n ń pe abúlé náà. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a wọ bọ́ọ̀sì, a wá gun ọ̀kadà kọjá nínú igbó igi tíkì kan tó gbẹ, tí ewé rẹ̀ ń ké jàùjàù lábẹ́ táyà. Lójijì la já sí gbangba, mo sì rí oko ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́ sí ara òkè bí àtẹ̀gùn, omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dán bíi dígí. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, à ń rí òkè ńlá kan lókèèrè tó ń rú èéfín. Mo bi Lastri pé ta ló ń dáná lórí rẹ̀. Ó ní òkè yẹn fúnra rẹ̀ ló ń dáná. Mo ní kí ló ń sè? Ó ní ká ṣáà máa gbàdúrà kó má jinná. Ilé onípákó ni ilé ìyá rẹ̀, ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ títí tó fi ń dán. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mbah ni gbogbo abúlé ń pè é, bí àwa ṣe ń pe Màmá Àgbà. Ó kéré, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ. Ó wo ikùn Lastri, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá adìyẹ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lastri túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Adìyẹ, sọ fún ẹni tó dé yẹn pé omi wà nínú ìkòkò. Kó sinmi títí a ó fi gé ìrẹsì. Tá a bá gé e tán, kó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Mi ò ní wẹ ikùn kankan."

Ọ̀rọ̀ ikùn wíwẹ̀ yìí ni gbogbo ọdún náà dá lé. Nílẹ̀ wọn, tí oyún àkọ́kọ́ bá pé oṣù méje, ìyá aboyún á pe àwọn aládùúgbò, á bu omi olódòdó sí ọmọ rẹ̀ lára lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ inú ti di ọmọ ilé nìyẹn. Aboyún tí ìyá rẹ̀ kò bá wẹ̀, àlejò ni. Inú ń bí Mbah nítorí pé Lastri fẹ́ Dádì ní Jàkátà láì wá béèrè lọ́wọ́ òun. Ẹnu àwọn obìnrin ọjà ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti lọ́kọ, ọkọ náà sì jẹ́ ẹni tí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó búra pé òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Lastri náà kì í ṣe ẹni tó ń rọ̀, ló bá yan ológbò ilé náà. Bí Mbah bá bá adìyẹ sọ̀rọ̀, Lastri á bá ológbò fèsì.

Ẹ̀gbọ́n Dádì ti kọ́ mi pé bí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tó la ẹnu sí ohunkóhun, kí n kúnlẹ̀ kí àgbà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mbah ń fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ níwájú ilé. Mo lọ bá a, mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà." Atẹ bọ́ lọ́wọ́ Mbah. Ilé ìdáná ló wọ̀ lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń yẹ àwo wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ìkòkò omi, ó wo inú rẹ̀. Ó lọ wo ẹyin adìyẹ. Ó dé ìdí àwọn ewúrẹ́, ó wo ojú wọn bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Nígbà tó padà dé, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, torí wọn ò tíì ní kí n dìde. Ó yíjú sí adìyẹ rẹ̀. "Kí ni ọmọ yìí fọ́?" Lastri jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín, ó di ikùn mú. Ní Wonojati, èèyàn kì í kúnlẹ̀ fún àgbà bẹ́ẹ̀ àfi ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti tọrọ àforíjì gbogbo ohun tó ti ṣe, tàbí kó jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ lásán, ó ti ba nǹkan jẹ́. Lastri ní, "Ológbò, sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń kíni níbi tó ti wá nìyẹn." Mbah kò gbà gbọ́. Ó tún yẹ ilé wò ní ọjọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá ló jáwọ́ nínú wíwá, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú bíbéèrè, ó ti di eré wa. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, á ní, "Kí lo fọ́ lónìí, Nduk?" Nduk ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kékeré. Èmi á ní, "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Mbah." Òun á ní, "Ó dáa. Ọjọ́ ṣì gùn."

Témpè ni iṣẹ́ ilé náà. Kí àkùkọ tó kọ ni Mbah ti ń koná mọ́ ìkòkò ẹ̀wà sóyà. Bó bá sè é tán, èmi àti Lastri á gbé e lọ sódò nínú agbọ̀n, a ó bọ́ sínú agbọ̀n náà, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo rẹ̀ á fi ṣí, omi á sì gbé èèpo lọ. Mi ò rí iṣẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, kí wọ́n ní kí ọmọdé máa jó lórí oúnjẹ. A ó sá a, Mbah á da ìwúkàrà sí i, a ó pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àpò kó sùn. "Ó ń sùn" ni Mbah ń wí, ó sì ní èèyàn kò gbọdọ̀ jà nítòsí rẹ̀, ìjà ń bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí òun àti Lastri kò fi lè pariwo mọ́ra wọn, àfi kí wọ́n máa rọra bú ara wọn nípasẹ̀ ẹran ọ̀sìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbóòrùn rẹ̀, mo ní irú ni. Kì í ṣe irú, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Wọ́n tún ń gún ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Mo tọ́ ọ wò, mo ní àbúrò láfún rèé. Bí mo bá ṣèèṣì na ọwọ́ òsì sí abọ́, ibi tí ẹ̀gbọ́n Dádì ti máa ń gbá mi gan-an ni Mbah ń gbá mi. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wọn ń pé, bí àwọn ọjà ọrọọrún lẹ́yìn Ìbàdàn, Mbah á gbé agbọ̀n sẹ́yìn, èmi á gbé kékeré tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní abúlé náà, mo lọ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, olùkọ́ fi mí sẹ́yìn pátápátá kí àwọn ọmọ yòókù lè rí pátákó dípò kí wọ́n máa wò mí. Mo padà sọ́jà. Ohun tí mo mọ̀ nípa ká ta ohun tí ẹnì kan kò fẹ́ rà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, òun náà ló ń san rẹ́ǹtì mi dòní.

Ọmọdé máa ń tètè gbọ́ èdè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi adìyẹ àti ológbò sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń rán. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn nínú ilé ìdáná. Mbah á ní, "Nduk, sọ fún ẹni tó wà nídìí ààrò pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù." Lastri kò ní jẹ́ kí n mí. "Nduk, sọ fún wọn pé àwọn ló kọ́ mi." "Sọ fún un pé mi ò kọ́ ọ ní oríkunkun." "Sọ fún wọn pé ìyẹn gan-an ni mo kọ́ dáadáa jù." Èmi á máa yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo tún ń gba owó iṣẹ́ mi, ṣúgà àgbọn lọ́wọ́ ẹni tó rán mi, ṣúgà àgbọn lọ́wọ́ ẹni tó fèsì. Ká ní wọn ò parí ìjà yẹn, ǹ bá má ní eyín lẹ́nu lónìí.

Ìtúnu ààwẹ̀ dé. Mbah wọ kẹ̀bàyà rẹ̀, ẹ̀wù ọdún àwọn obìnrin wọn, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nílé, àwọn ọmọ abúlé ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń fi iwájú orí kan orúnkún rẹ̀, ó ń dárí jì wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá dìde ni ojú Mbah ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Lastri kò jáde. Mo lọ yọjú wò ó, ó ń ro ìkòkò, kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò náà. Lọ́jọ́ kejì, a wà lódò, a ń tẹ ẹ̀wà, mo bi í pé kí ló dé tí kò kúnlẹ̀, ṣé kò fẹ́ ká dúró ni? Mo fẹ́ ká dúró. Ìrẹsì ti ń yí pọ́n, Dádì kò sì ránṣẹ́, yàrá Jàkátà ti lọ, bí wọ́n bá lé wa mi ò mọ ibi tí à ń lọ. Ó tẹ ẹ̀wà títí kó tó dáhùn, pijin ló fi dáhùn, torí ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní ẹni tó bá kúnlẹ̀ níbí ń sọ pé òun jẹ̀bi. "Tí mo bá tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ bàbá rẹ, mo ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bàbá rẹ. Ọmọ inú mi náà á di ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ náà ńkọ́? Mi ò lè tọrọ àforíjì rẹ." Mo ronú sí i. Mo ní, "Àǹtí Lastri, èmi ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì jẹ̀bi nǹkan kan." Ó ní tèmi yàtọ̀. Mo ní kò yàtọ̀. Mo ní nílé wa, ìyàwó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ọmọ ń kúnlẹ̀ kí ìyá, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe. Wọ́n kàn ń kíni ni. Mo ní, "Ṣebí ìyàwó wa ni yín?" Ó tẹ ẹ̀wà ọjọ́ náà débi tí Mbah fi bi mí pé ta ló ń bínú sí ẹ̀wà òun.

Àárọ̀ tí àwọn obìnrin fẹ́ wọ oko, mo jí bá ariwo. Wọ́n ti ń pe ara wọn láti ilé dé ilé, kálukú fi ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé ìrẹsì há irun. Mbah ti so agbọ̀n ìkórè mọ́ ẹ̀yìn. Ó dúró níwájú ilé, kò sì lọ, ó ń dúró kí n wá kí òun. Mo kúnlẹ̀. Kó tó bi mí pé kí ni mo fọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lastri ni. Ó di èjìká mi mú, ó fi orúnkún kan gúnlẹ̀, ó fi èkejì gúnlẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ní, lédè Yorùbá, "Ẹ kú àárọ̀, mà."

Mbah kò wo adìyẹ. Èmi ló wò, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. "Nduk, èyí ńkọ́? Kí ló fọ́?" Mo la ẹnu láti jẹ́ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n Lastri kò dúró dè mí. Ó ní, "Ìyá mi, mi ò fọ́ nǹkan kan. Mo kí yín ni." Mbah ní, "O ò fọ́ nǹkan kan?" Ó ní, "Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé ọkọ mi nìyí." Àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà yíjú sí wa. Mo ń wo ẹsẹ̀ Mbah, ohun kan ṣoṣo tí mo lè rí, mo sì ń rí bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń di ilẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí agbọ̀n ìkórè jábọ́. "Ilẹ̀ tutù," ni Mbah wí, Lastri fúnra rẹ̀ ló sì kọjú sí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe aboyún nílé ọkọ rẹ náà nìyẹn, kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ tútù? Dìde. Dìde, jàre." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ, sáré. Sọ fún wọn pé kò sí oko lónìí. Kí oníkálukú pọn omi kànga rẹ̀ wá."

Mo sáré. Mo gba abúlé já, mò ń kígbe pé Mbah ti sọ̀rọ̀ o, Mbah ti sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti yadi tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé omi dé nínú korobá, nínú ìkòkò, nínú ike epo. Wọ́n ju òdòdó sí i. Mbah mú igbá àgbọn, ó bu omi náà sí Lastri léjìká, ó bù ú sí ikùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń bú u lọ lẹ́nu, pé ó ti gbẹ, pé kí ni wọ́n ń fún un jẹ ní Jàkátà, Lastri sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ike omi tí mo pọn. Mi ò lóyún, kò sóhun tó kàn mí níbẹ̀. Mbah gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, "Èyí náà. Ẹ mú un wá." Ó da igbá omi olódòdó odindi lé mi lórí. Ó tutù débi pé mo ké. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi Àǹtí sílẹ̀, mo ń pe Lastri ní ìyá mi.

Mo ti ń tajà láti ìgbà yẹn, mo sì mọ irú ọjà tí wọ́n ná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan kò dín in, èkejì kò fi kún un, àwọn méjèèjì sì gbé nǹkan relé. Ọmọ náà jẹ́ ọkùnrin, orí rẹ̀ tóbi, àbúrò mi ni. Dádì dé nígbà tí wọ́n ti kórè tán, tí àwọn adapẹ́pẹ́yẹ ti da pẹ́pẹ́yẹ sínú oko kí wọ́n ṣa ìyókù jẹ. Ó gbé àpò bisikíìtì dání bí ẹni tó lọ ra nǹkan lẹ́yìnkùlé. Ó rí Mbah, ó ju àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Mbah sún sẹ́yìn, ó wo gígùn ọkùnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó yíjú sí ìyá mi. "Ẹni tó kúnlẹ̀ fọ́ àwo. Èyí ńkọ́, ta ló pa?"

Mbah ti lọ, Dádì náà ti lọ. Àbúrò mi ṣì wà ní Wonojati, òun ló ń ṣe témpè ilé wa báyìí. Èmi ni mo mú ìyá mi wá síbí, ó ń bú òtútù Maryland lójoojúmọ́ bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ bá a lórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé. Ọmọbìnrin mi á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, á ní, "Good morning, Grandma," á tún ní, "Mummy, your knees." Òótọ́ ni, orúnkún mi ti ń ké ju ewé tíkì lọ. Mo máa ń di apá àga mú, mo ń fi ọ̀kan gúnlẹ̀, mo ń fi èkejì gúnlẹ̀. Ìyá mi á la ojú kan.

"Kí lo fọ́ lónìí, Nduk?"

"Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Ìyá mi."

"Ó dáa," á wí, á sì fọwọ́ lé mi lórí. "Ọjọ́ ṣì gùn."